Kí ni ìtumọ̀ Ryugu, àpáta òfuurufú tí wọ́n fi orúkọ ààfin abẹ́ òkun pè?

Ẹ béèrè ohun tí Ryugu túmọ̀ sí ní èdè Japan, àti ohun tí ó pa ààfin abẹ́ òkun pọ̀ mọ́ àpáta kan tí ń yí oòrùn po.

Inú àlọ́ ni orúkọ náà ti wá. Apẹja kan, Urashima Taro, gba ìjàpá òkun kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń fìyà jẹ ẹ́, ìjàpá náà sì gbé e lọ sí Ryugu, ààfin ọba dírágónì, níbi tí Otohime, ọmọbìnrin ọba, ti ṣe é lálejò. Nígbà tí ó ń padà sílé, Otohime fún un ní àpótí tí wọ́n ń pè ní tamatebako, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣí i. Ó délé, kò bá ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀ mọ́, nítorí ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ti kọjá; ó ṣí àpótí náà, èéfín funfun rú jáde, ó sì di arúgbó lójú ẹsẹ̀.

Ní ọdún 2015 ni wọ́n sọ àpáta náà lórúkọ, lẹ́yìn tí Hayabusa2, ọkọ̀ Japan tí kò ní èèyàn nínú, ti gbéra lọ bá a. Ìdí kan tí wọ́n fi yan orúkọ náà ni pé wọ́n ń retí pé àmì omi yóò wà nínú òkúta rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àpótí ni ìdí tí ó wúwo jù: ọkọ̀ náà yóò gbé ìṣúra bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ibi tí ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ bà ní oṣù Kejì ọdún 2019, Tamatebako ni wọ́n sọ ọ́. Òkúta ńlá kan lórí Ryugu sì ń jẹ́ Otohime.

Èyí tí ó wú mi lórí jù lọ ni èéfín. Nígbà tí àpótí tí Hayabusa2 fi kó erùpẹ̀ Ryugu bọ̀ balẹ̀ sí Woomera ní Australia, ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì rí i pé lára erùpẹ̀ Ryugu ni ó ti wá. Èèwọ̀ àlọ́ náà kò sì parẹ́ pátápátá: ní Sagamihara ní Japan, inú yàrá tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ni wọ́n ti ṣí àpótí náà, kí afẹ́fẹ́ ayé má baà ba ohun inú rẹ̀ jẹ́. Gíráàmù 0.1 ni wọ́n ń retí; erùpẹ̀ dúdú tí wọ́n bá níbẹ̀ wọn nǹkan bíi gíráàmù 5.4.