Ìbéèrè Yín: Kí Ni Kí A Kọ Nípa Bàbá Wa Aláṣọ?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa, tí gbogbo ará Ìtòkú mọ̀ sí Bàbá Aláṣọ, dágbére fáyé ní oṣù tí ó kọjá, ẹbí sì ní kí èmi ọmọ wọn obìnrin kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn tí a máa tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ọ́ pé ọdún 1940 ni wọ́n bí bàbá, kí ọjọ́ orí wọn lè níyì lójú èrò, àti pé ọdún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ni bàbá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀, bàbá fúnra wọn máa ń sọ fún wa pé ẹ̀yìn ìyá àwọn ni àwọn wà, tí àwọn kò tíì lè rìn, nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ jókòó sí ààfin Aláké nítorí owó orí.

Mo tún rí ìwé àwìn bàbá nínú àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù. Pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi ṣe ìṣirò ní ojú ìwé 11 àkọ́kọ́, kí ó tó di náírà. Àmì àtàǹpàkò wọn, tí aró ti pa, wà ní igun ìwé náà káàkiri. Wọn kì í sábà kọ orúkọ: “Ìyàwó onírẹsì, Láfẹ́nwá, ìdì méjì.” “Ìyá Ìbejì, Kútọ̀.” Ẹni 24 ni bàbá fi bírò pupa fa ìlà lé lórí, tí wọ́n sì kọ “Mo ti fi jì í” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má mẹ́nu kan ìwé yìí rárá, kí n má sì sọ ti ìgbà tí oníbàárà kan gba ọjà àwìn lọ sí Èkó tí kò padà wá, tí bàbá fi ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọdún méjì, tí wọ́n ń bá àwọn ẹlòmíràn di adìrẹ oníko lẹ́yìnkùlé ìyá wọn. Ó ní ìtìjú ni. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Bàbá Aláṣọ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ̀yìn wọn á dára, Ọlọ́run á sì dá gbogbo ẹ̀yin tí wọ́n fi sílẹ̀ sí. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pẹ́ níbi àmì àtàǹpàkò tí aró pa yẹn, nítorí pé ó jẹ́ kí n rí bàbá yín ju bí “oníṣòwò pàtàkì” tí a ń kà nínú gbogbo ìwé ìsìnkú ṣe lè jẹ́ kí n rí wọn lọ.

Ohun tí bàbá fi ẹnu ara wọn sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìparí ọdún 1947 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, lọ yí ààfin Aké ká. Wọ́n tún padà lọ ní 1948, kò sì rọlẹ̀ títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1940 ti tó ọmọ ọdún méje nígbà náà, ta ni í sì pọn ọmọ ọdún méje? Ẹ kọ ọ́ pé láàárín 1946 sí 1948 ni wọ́n bí wọn, kí ẹ sì kọ ìtàn tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà wa ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílùú ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí wọn, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ pé ọmọ ẹ̀yìn ni bàbá yín nínú ọ̀tẹ̀ náà tí yóò ní kò níyì.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ìwé àwìn ti parí ẹjọ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan. Bí ojú ìwé 11 bá kún fún pọ́n-ùn àti ṣílè, a jẹ́ pé bàbá ti ń tajà kí 1972 tó parí, nígbà tí wọn kò tíì ju ẹni ọdún 26 lọ. Nígbà tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n ti lé ní ọdún mẹ́ta lẹ́nu òwò. Ẹ fi ojú ìwé náà han ẹ̀gbọ́n yín. Mo gbà pé inú rẹ̀ yóò dùn sí i.

Ọdún méjì tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì kò gbọdọ̀ sọnù. Ẹni tí ó bá ti di oníko rí mọ ohun tí ó ń gbà: a óò fi ìko di aṣọ náà ní kókó kókó láti etí dé etí, títí ìka yóò fi máa ta ni, kí ó tó wọ inú ìkòkò aró, kí a tó sá a, kí a tó tún rì í. Ọkùnrin tí ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ padà jókòó ti iṣẹ́ yìí lórí aṣọ oníṣọ́ọ̀bù mìíràn, ó sì tún ti ibẹ̀ padà ṣí ìlẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹni tí ó gbé ọjà sá lọ ni ìtìjú tọ́ sí, kì í ṣe bàbá yín, a kò sì nílò orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn.

Ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn ọdún méjì yẹn ni wọ́n fa àwọn ìlà pupa náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, inú ìpínrọ̀ kan náà ni kí ẹ kọ méjèèjì sí, láìsí àlàyé kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, iye àwọn tí wọ́n fi jì nìkan ni kí ẹ kọ. Ọmọ ìyá onírẹsì ti Láfẹ́nwá lè jókòó lábẹ́ kánópì lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìwé yìí lọ́wọ́, bàbá tí ó fi gbèsè jin ìyá rẹ̀ kò sì ní fẹ́ kí ojú tì í.

Ohun kan ni n kò rí nínú lẹ́tà yín. Ẹ kò sọ ìlú tí bàbá ti wá láàárín àwọn ìlú Ẹ̀gbá, yálà Kẹ́mta ni o, Ìtòkò ni o, tàbí Ìjẹùn, ẹ kò sì sọ oríkì wọn. Bí àbúrò bàbá tàbí àgbà obìnrin kan bá ṣì wà ní agbo ilé yín, ẹ lọ bá wọn ní kùtùkùtù, kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀ láti gba ohùn wọn, nítorí pé bírò kò lè sáré tó ẹnu wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kì í dé òpin kí ẹ tó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan, torí pé bí ẹ bá já wọn lẹ́nu, ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni wọn yóò padà sí.