Ṣé pizza kékeré méjì tó ńlá kan?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ìbejì mi pé ọdún méje lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá ní kí n ra pizza ńlá kan fún wọn, èyí tó jẹ́ ínṣì 14, ₦10,000 ni wọ́n ń tà á níbì kan ní Alágbàká. Ìgbà tí mo débẹ̀ wọ́n ní ńlá ti tán, pé kí n kúkú gba kékeré méjì, ínṣì 8, ₦5,000 ₦5,000, wọ́n ní 8 àti 8 jẹ́ 16, pé èmi gan-an ni mo jèrè. Mo gbà á. A délé, ọmọ mẹ́fà ló jókòó tì í, kò kárí rárá. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí?
Màmá Ìbejì, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Màmá Ìbejì, ẹ kú oríire, Ẹdùmàrè á dá àwọn ọmọ sí fún wa. Wọ́n rẹ́ yín jẹ o, mi ò ní fi bò fún yín, bóyá ọmọ tó ń tajà náà ò tiẹ̀ mọ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ wò ó. Tí ẹnì kan bá ra 50 by 100 lọ́nà Ọ̀dà, tí ẹlòmíì ra 100 by 200, ẹni kejì yẹn ò ra púlọ́ọ̀tì méjì, mẹ́rin ló rà, torí ìbú ẹ̀ lé, gígùn ẹ̀ náà lé. Bí pizza ṣe rí nìyẹn. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún yín, láti etí kan dé etí kejì ni, kò sọ bí oúnjẹ tó wà lórí ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi nọ́ńbà náà lọ́po ara ẹ̀: 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, 14 lọ́nà 14 jẹ́ 196. Àwọn tó mọ ìṣirò á ní 3.14 tí wọ́n fi ń ṣírò ohun tó rí róbótó ńkọ́, òótọ́ ni, àmọ́ bákan náà ló máa kan gbogbo wọn, ẹ fi sílẹ̀. Kékeré méjì yín wá jẹ́ 128, ẹni tó bá sì fi ₦10,000 kan náà ra ńlá, 196 ló gbé lọ sílé. Ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ àwọn ọmọ yẹn ló ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn mí fún wọn.

Etí ẹ̀ tún wà ńbẹ̀ o, ibi tó jẹ́ búrẹ́dì lásán tí àwọn ọmọdé máa ń jù sílẹ̀. Ká ní ínṣì kan ni etí yẹn yíká, ínṣì méjì ló máa yọ, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan: 8 á ku 6, 14 á ku 12. Ẹ lọ́po ìyẹn náà, nínú 64 ti kékeré, 36 péré ló ní ṣíìsì àti ẹran lórí. Ti ńlá, 144 nínú 196.

Torí náà ẹ máa pín owó sí nọ́ńbà tó bá jáde lẹ́yìn tẹ́ẹ bá lọ́po, bíi 64 àti 196 yẹn, lórí fóònù yín kẹ́ẹ tó sanwó: ẹyọ kan nínú 64 ti kékeré yẹn wọ ₦78, ẹyọ kan nínú 196 ti ńlá wọ ₦51. Ẹ má tẹ̀lé orúkọ “ńlá” o, ńlá ẹlòmíì ò ju àárín ẹlòmíì lọ, ínṣì ni kẹ́ẹ béèrè, kẹ́ẹ sì wo bó ṣe nípọn tó, torí èyí tó fẹ́lẹ́ lè fẹ̀ kó má yóni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ jẹun, tí ò sì síná tẹ́ẹ máa fi gbé ìyókù sí fíríìjì, kékeré ni kẹ́ẹ rà, èyí tó bá bàjẹ́ ò lérè kankan.

Àmọ́ fún ọjọ́ìbí, tí wọ́n bá tún ní ńlá ti tán, ẹ sọ fún wọn pé kékeré mẹ́ta lẹ máa gbà ní ₦10,000 yẹn. Mẹ́ta jẹ́ 192, ó ṣì ku 4 kó tó pé.