Ìbéèrè Yín: Ṣé Kí N Pààrọ̀ Káàdì Ni, Àbí Kí N Ta Á Bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń ta écarté, ayò káàdì àwọn ará Faransé tó wà fún èèyàn méjì. Òun ló pín in, káàdì márùn-ún-márùn-ún. Mi ò béèrè pààrọ̀, mo ta á bẹ́ẹ̀. Òun kó káàdì ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, èmi lẹ́ẹ̀mejì, ló bá kọ àmì méjì fún ara rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó ń rẹ́ mi jẹ?

ÌDÁHÙN: Kò rẹ́ ọ jẹ, àbúrò mi. Lóòótọ́, àmì kan ni ẹni tó bá kó o lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin máa ń gbà, ẹni tó bá sì kó márààrún gba méjì. Àmọ́ ìwọ tó o ta á láìkọ́kọ́ sọ pé "Je propose", ìyẹn ni pé o fẹ́ pààrọ̀ káàdì, ti fọ́nnu pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ tó ọ jẹ. Bó o bá wá pàdánù, méjì ni alátakò rẹ máa gbà. Ohun kan náà ló ń dúró de òun tó pín in: bó bá kọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó o béèrè pààrọ̀, tó sì pàdánù, ìwọ lo ni méjì. Àmì márùn-ún péré ló sì ń parí ayò!

Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Àwọn ará Faransé ti ṣírò àwọn ọwọ́, ìyẹn káàdì márùn-ún tó wà lọ́wọ́ èèyàn, tó lè jẹ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Jeu de règle ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í béèrè pààrọ̀. Ká ní ọkàn ni atout, ẹgbẹ́ tó ń pa gbogbo ẹgbẹ́ yòókù. Jáàkì àti 8 ọkàn wà lọ́wọ́ rẹ, ayaba àti 9 kíláàbù, pẹ̀lú 7 dáyámọ́ńdì. Ta á! Ayaba kíláàbù ni kó o kọ́kọ́ jù sílẹ̀. Bí atout bá pé mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ, má wulẹ̀ rò ó rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 7 ọkàn kan ṣoṣo pẹ̀lú àwọn wẹ́wẹ́ oríṣiríṣi, kí lò ń dúró dè? Béèrè, kí ẹni tó pín in bi ọ́ pé "Combien?" (mélòó?), kó o dárúkọ iye tó o fẹ́ jù nù.

Ọba atout ń mú àmì kan wá, bó o bá kéde rẹ̀ kó o tó ju káàdì rẹ àkọ́kọ́. Bó bá wà lọ́wọ́ rẹ tí ìyókù ò dára, béèrè láìbẹ̀rù, ọba ò ní sá lọ. Jọ̀ọ́, éèsì kì í ṣe ọ̀gá níbí o. Abẹ́ jáàkì ló wà, èyí sì máa ń ká àwọn tó ti inú ayò mìíràn bọ̀ mọ́. O ò sì gbọ́dọ̀ ṣahun: bó o bá ní èyí tó lè pa káàdì tó jù sílẹ̀, dandan ni kó o fi pa á.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń pín in, tó ṣí káàdì kọkànlá, èyí tó ń fi atout hàn, tó sì bá ọba níbẹ̀, àmì kan ni tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Má bá a jà lórí ìyẹn náà.