Ìka Òkè Lẹ́sẹ̀ Ọmọ Ajá: Ẹ̀jẹ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀sìn o, ará Kétu. Ẹ ní ajá yín bí ọmọ 6, wọ́n pé ọjọ́ 4 lónìí, ẹ sì ń bèèrè bóyá ẹ lè fi abẹ tuntun gé ìka kékeré tó wà lókè ẹsẹ̀ wọn, níwájú àti lẹ́yìn, tàbí kẹ́ ẹ fi òwú so ó títí yóò fi já.

Ti òwú ni kí n kọ́kọ́ dáhùn: ẹ má dán an wò. Ẹran ibẹ̀ á kú, á jẹrà lára ọmọ náà kó tó já, ìyá á sì máa lá a. Tó bá jẹ́ tẹsẹ̀ iwájú, eegun á ṣẹ́kù sínú, èékánná wíwọ́ á sì tún hù níbẹ̀.

Tẹsẹ̀ iwájú, ẹ fi sílẹ̀. Eegun gidi ló wà níbẹ̀, iṣan sì dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Bí ajá bá ń sáré tó fẹ́ ṣẹ́rí padà lójijì, ìka yẹn máa ń kan ilẹ̀, ó ń bá a dilẹ̀ mú. Òun náà ló fi ń di eegun mú tó bá ń jẹ ẹ́. Ajá ọdẹ tó ń lé ọ̀yà nílò rẹ̀ ju ajá tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà lọ. Inú máa ń bí mi sáwọn onímọ̀ tí wọn ò ní fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ ajá rárá, tí wọ́n á ti ní ká gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé iye ìka ni wọ́n fi ń ka owó.

Tẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ fi ọmọ ìka méjì mú un, kẹ́ ẹ rọra mì ín. Tó bá ń mì dirodiro, tó jẹ́ awọ nìkan ló gbé e, ó lè há sínú ìtàkùn lọ́jọ́ iwájú kó sì fà ya. Ìyẹn ló yẹ ní gígé. Bí ọwọ́ yín bá kan eegun tó dúró ṣinṣin, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn ajá olùṣọ́-àgùntàn ilẹ̀ Faransé, Beauceron àti Briard, ìka 2 ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Tí tiyín bá ní irú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ má gé e.

Ọjọ́ 3 sí 5 ni àkókò rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dì. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 1, eegun ti ń le, ó di kí wọ́n dàgbà tó ẹni tó lè gba oògùn oorun, bí oṣù mélòó kan. Ìyẹn ni pé ọ̀la ló kù fún yín. Èyí tí kò mu ọmú dáadáa nínú wọn, ẹ yọ ọ́ sílẹ̀. Tí ìyá wọn bá sì ti jẹ oògùn eku tàbí eku tí oògùn pa, ẹ má gé ẹnikẹ́ni: oògùn eku kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ ní ẹ kà á pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kì í ṣe dókítà lè gé e. Òótọ́ ni, òfin wọn ti ọdún 1966 gbà á kójú ọmọ ajá tó là. Òfin kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ pe dókítà ẹran lónìí, kẹ́ ẹ má lọ jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n á ti ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá fẹ́ gún wọn ní lidocaine 2%, oògùn tó ń mú kí ojú ibẹ̀ kú tipiri, ẹ ní kó wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́. Mílígíráàmù 20 ló wà nínú mílílítà 1. Ọmọ tó wọn gíráàmù 300, kò yẹ kó gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà.

Gígé fúnra rẹ̀ kò pẹ́: àlùmọ́gàjí tí wọ́n ti sè, Bétadine (oògùn tó ń pa kòkòrò ojú ọgbẹ́), kó gé e mọ́ awọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń kú. Ọmọ tó wọn gíráàmù 300, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò ju bíi mílílítà 25 lọ, ìyẹn ṣíbí tíì 5. Tí ṣíbí kan bá ṣòfò, ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ. Ẹ máa rí i tó ń kán tó, tó, tó, ẹ ó rò pé kékeré ni. Kì í ṣe kékeré! Ẹ ká kọ̀nprẹ́ẹ̀sì mímọ́, aṣọ ìdi-ọgbẹ́, lé ojú ọgbẹ́, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 gbáko. Ẹ má ṣí i wò. Ẹni tó ń ṣí i wò ń já ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì dànù ni. Tí kò bá dá, ọ̀pá nitrate d'argent láti fámásì, èyí tó ń jó ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá: ẹ nu ojú ọgbẹ́ gbẹ, kẹ́ ẹ fi orí rẹ̀ kàn án, á dúdú. Tẹ́ ẹ bá fi kàn án nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, oògùn á bá ẹ̀jẹ̀ lọ, á jó awọ tí kò ṣẹ̀. Ẹ má fi eérú sí i, ẹ má fi dúdú inú bátìrì tàbí epo ẹ̀ńjìnnì sí i, ẹni yòówù kó sọ fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ojú yín lè rí ibi tó bá pọ́n. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó dá wọn padà fún ìyá, ẹ sì tún wò wọ́n lẹ́yìn wákàtí 1, torí ahọ́n rẹ̀ lè lá ìdì ẹ̀jẹ̀ kúrò. Èyí tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ara rẹ̀ tutù, ẹ tún ọgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ kíá, kẹ́ ẹ pe dókítà padà.

Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lóru, ẹ fi aṣọ wé ike omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 1 kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ẹ má fún wọn ní paracetamol tàbí ibuprofen. Aṣọ tí wọ́n ń sùn lé, ẹ sá a gbẹ kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, torí eṣinṣin kan wà tó ń yé sí aṣọ àti yanrìn tí ìtọ̀ ti rin, ìdin rẹ̀ ń wọ awọ ọmọ ajá, ọgbẹ́ tàbí kò sí ọgbẹ́. Ẹ má gbàgbé oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ 2.

Èékánná ìka iwájú tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kì í kan ilẹ̀ tó bí ìyókù, kì í jẹ tán fúnra rẹ̀. Á ká róbótó, á gún ẹran. Ẹ máa gé ṣóńṣó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Tó bá jẹ́ èékánná dúdú, ẹ gé e díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró ní kété tẹ́ ẹ bá rí àmì kékeré láàárín ojú ibi tẹ́ ẹ gé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kàn.