Báwo Ni Mo Ṣe Máa Sọ Irú Ẹni Tí Mo Jẹ́ Láìfọ́nnu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Aránṣọ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Iléṣà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wọ̀ ní kí àwa ẹni tuntun fi ìṣẹ́jú méjì sọ irú ẹni tí a jẹ́ ní Sátidé. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á pè mí ní afọ́nnu.

ÌDÁHÙN: Ohun tó ń sọni di afọ́nnu ni kéèyàn máa ka ìwà rere ara rẹ̀ bí ẹni ń ka owó: "Olóòótọ́ ni mí, mo ní sùúrù, mo mọṣẹ́." Ẹ wo ìlú tí ẹ kó wá sí. Obòkun tí wọ́n ń pe Ọwá, ọba Iléṣà, orúkọ ohun tí ẹnì kan ṣe ni: ìtàn ní Ajíbógun ló lọ bu omi òkun wá láti fi wo ojú Odùduwà. Òṣómàáló náà ńkọ́? Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn ni, tí wọ́n á lóṣòó ti onígbèsè títí owó wọn á fi jáde. Ohun tí wọ́n ṣe ló di orúkọ.

Lọ́dún 2004, Christopher Peterson àti Martin Seligman, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, to ìwà tó ń gbéni ró jọ, ó jẹ́ 24. Ẹyọ kan tó fún yín, ẹ mú ọjọ́ kan tó hàn lára yín.

Obìnrin kan tó ń lọ ata wà lára àwọn tí mo kọ́. Ó ní òun bá owó kan nísàlẹ̀ abọ́ ata tí ọmọdé kan gbé wá. Ó fomi ṣan ata kúrò lára rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sára ẹ̀rọ tó ṣì gbóná kó lè gbẹ, ó so ó mọ́ etí ìró. Ọjọ́ kẹta lọmọ náà tó padà wá. Nígbà tí obìnrin náà ń sọ ìtàn yìí níwájú èèyàn, kò fẹnu kan òótọ́ rárá. Bó ṣe jókòó ni bàbá kan dáhùn lẹ́yìn pé, "Olóòótọ́ nìyẹn."

Nítorí náà, ẹ kí wọn kú ìjókòó, ẹ dárúkọ yín àti ibi tí ẹ ti wá, kí ẹ bọ́ sínú ọjọ́ yẹn tààrà. Aṣọ ta ló wà lórí máṣìnnì? Kí ló fẹ́ bàjẹ́? Tí ẹnì kan bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́. Mo ka ìyẹn sí gan-an, torí ẹni tó ń rántí olùrànlọ́wọ́, kì í dún bí afọ́nnu. Ẹ sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì nílé, ẹ má kà á látinú ìwé. Tí ìtàn bá ti parí, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ jókòó.