Àǹtí tíṣà láti Oǹdó, ẹ má gba lítà tí wọ́n kọ sára rọ́bà yẹn gbọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ ní rọ́bà onídèérí kan lẹ fi ń ṣe hydroponics, ìyẹn ọ̀gbìn inú omi láìlo iyẹ̀pẹ̀, nílé, wọ́n kọ lítà 80 sí i lára, omi ti wà nínú rẹ̀, létúùsì ti wà lórí ìdérí. Ẹ wá fẹ́ mọ iye omi tó wà níbẹ̀ gan-an, àti ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ lẹ máa bu omi kún un. Mo rí i pé ẹni mẹ́ta ti dá yín lóhùn pé kẹ́ ẹ wo ara rọ́bà. Ìdáhùn yẹn ló gbé mi dìde, torí òun gan-an ló kó bá mi.

Télọ̀ ni mí ní Àkúrẹ́ níbí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ní òun mọ ọ̀gbìn inú omi dójú àmì. Ó wọ kóòtù nínú ooru, ó ń tan àwòrán sára ògiri, ó ní ìdérí ajílẹ̀ báyìí-báyìí fún lítà 100. Mo nawọ́, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe máa mọ̀ pé omi wa pé lítà 100?" Ó ní ṣé wọn ò kọ ọ́ sára rọ́bà ni, àbí mi ò mọ̀wé kà? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì lọ ra rọ́bà róbótó tí wọ́n kọ 100 sí lára.

Ohun tí kò sọ ni pé 100 yẹn, bó bá kún dẹ́múdẹ́mú ni. Ta ló ń pọn omi dé dẹ́múdẹ́mú? Tèmi, bí omi bá dúró síbi tó yẹ kó dúró, lítà 84 ni. Omi inú páìpù wá ńkọ́, èyí tí pọ́ǹpù ń fà láti inú rọ́bà lọ bá létúùsì, tó tún ń ṣàn padà wálẹ̀? Páìpù ínṣì mẹ́rin ni mo tò sórí irin ní fàràndà òkè, mẹ́rin ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 3. Ihò tí omi ń gbà jáde kéré, nítorí náà omi máa ń kó jọ títí dé ìdajì páìpù. Mítà kan irú páìpù bẹ́ẹ̀, bó bá kún dé ìdajì, ó gba lítà 4 ó dín díẹ̀. Ẹ ká a dé mítà 12, ó di lítà 47. Odindi lítà 47 wà lókè lórí mi, mi ò mọ̀ pé ó wà láyé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, mo wo rọ́bà, mo rí i pé omi ti fà. Mo bu omi kún un dé 84, inú mi dùn, mo lọ sùn. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, wọ́n mú iná lọ. Pọ́ǹpù dákẹ́. Gbogbo omi tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ padà, díẹ̀díẹ̀, sínú rọ́bà tí àyè lítà 16 péré kù sí. Ẹ yọ 16 kúrò nínú 47. Lítà 31, tajílẹ̀tajílẹ̀, ló ṣàn sórí símẹ́ńtì, ó wá ibi tó ti sán rí, ó bá ibẹ̀ wọ àjà yàrá bàbá onílé tó ń gbé ìsàlẹ̀.

Ohùn bàbá ló jí mi. Wọ́n dúró sí ìdí àtẹ̀gùn tàwọn ti tọ́ọ̀ṣì, omi ń kán létí wọn. "Ìyá Tọ́pẹ́, kí lẹ dà lé mi lórí?" Wọ́n rò pé ilé ìwẹ̀ ló ya. Èmi aláìgbọ́n, mo ní, "Ẹ má bínú sà, kì í ṣe omi ìwẹ̀, omi ajílẹ̀ ni." Áà! Ajílẹ̀ tí bàbá mọ̀ láti kékeré ni èyí tó ń ti ìdí adìẹ àti màlúù jáde. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mò ń ṣàlàyé fún wọn pé èyí tí wọ́n ń pò nínú ìgò ni, kò sì rùn. Páálí àjà mẹ́ta wú, ọ̀kan já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo san owó páálí, mo rán bẹ́ẹ̀dṣíìtì tuntun fún ìyàwó wọn láìgba kọ́bọ̀. Títí dòní, bí òjò bá ti ń rọ̀, bàbá á pè mí láti ìsàlẹ̀: "Ṣé òjò ni àbí ìwọ ni?"

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo dín omi kù. Omi rọ́bà àti ti páìpù lápapọ̀ ò ju lítà 55 lọ mọ́, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ ti lítà 100 ni mo ṣì ń dà sí i, ṣebí 100 ni wọ́n kọ sára ẹ̀! Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, etí ewé ti jó bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ oníbàárà. Bí oòrùn bá ti mú, létúùsì á rọ jọwọlọ, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú omi. Iyọ̀ inú ajílẹ̀ ló pọ̀ jù, gbòǹgbò ò lè fa omi mọ́. Mo pe ọ̀gbẹ́ni oníkóòtù. Ó ní ebi ló ń pa á, kí n fi ajílẹ̀ kún un. Mo fi kún un (ẹ rántí pé mo sanwó fún ọgbọ́n yìí). Gbogbo létúùsì 24 náà ló kú. Yánrin òyìnbó ni màmá mi ń pè é, wọ́n ní yánrin tiwa ò ní kú báyẹn.

Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba kan tún wá wò ó. Ó yọ fọ́ọ̀mù, ó ní hẹ́kítà mélòó ni oko náà. Mo ní fàràndà ni. Ó kọ nǹkan kan síbẹ̀, ó mu mínírà, ó lọ.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mi ò gba nọ́ńbà ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran lọ́jà. Kílò kan ni lítà omi kan, torí náà ibi tí omi inú rẹ̀ ti pé kílò 10, ibẹ̀ ni mo fa ìlà sí. Ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì epo pupa wọ̀n ọ́n o. Wọ́n máa ń fi ooru fẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n tà fún mi ní 25, lítà 27 ló gbà. Pure water náà, wọ́n ní ogún ọ̀rá nínú báàgì jẹ́ lítà 10, àmọ́ ẹ̀yin náà ti fọwọ́ gbé e rí, ọ̀rá míì fúyẹ́ ju èkejì rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà mo ra họ́ọ̀sì tín-ínrín tó mọ́ gaara, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Mo kì í bọ ìdí rọ́bà, mo dè é dúró lára rẹ̀ títí dé ẹnu. Ibi tí omi bá dé nínú rọ́bà ló máa dé nínú họ́ọ̀sì. Mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, mo fi máákà fà á. Mo da èkejì, mo fà á. Àwọn ìlà náà ń súnmọ́ra bó ṣe ń lọ sókè, torí rọ́bà fẹ̀ lẹ́nu ju ìdí lọ, ẹ má rò pé ẹ ṣì í. Ẹ fi ọ̀rá dúdú bo họ́ọ̀sì náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ewédò á hù sínú rẹ̀.

Ẹ pa pọ́ǹpù kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15 kí omi páìpù sọ̀ kalẹ̀ tán. Ibi tó bá dé nígbà yẹn ni omi yín.

Ní ti bíbu omi kún un, omi lásán ni o, kì í ṣe omi ajílẹ̀. Bí lítà 60 bá di 50, omi ló lọ, iyọ̀ inú rẹ̀ ò lọ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ra EC mítà, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí iyọ̀ ajílẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi; létúùsì fẹ́ràn 0.8 sí 1.2 mS/cm. Bó bá gòkè, ẹ bu omi. Bó bá wálẹ̀, ìgbà yẹn lẹ tó fi ajílẹ̀ kún un. Bí wọ́n ṣe ń po ajílẹ̀ alápá méjì, A àti B, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ti mọ̀yẹn. Ẹ má sì béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀. Nínú ìwé mi, létúùsì 24 tó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún mu tó lítà 6 lójúmọ́ nínú oṣù kejì. Nínú oṣù keje, lítà 2 ò pé. Òjò náà ńkọ́! Bí rọ́bà yín bá wà lábẹ́ etí páànù, òjò alẹ́ kan á bu omi là á fún yín, ajílẹ̀ yín á di omi ṣíṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọ̀rọ̀ yín kà. Ẹ ò ní páìpù rárá, ẹ ò sì ní pọ́ǹpù. Mo ti sọ̀rọ̀ kọjá yín.

Tiyín rọrùn. Ẹ ní ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58 sí 40, ìdí rẹ̀ 50 sí 32, omi sì ga ní 30. Ẹ mú àárín wọn, 54 sí 36. Ẹ fi 54 lọ́nà 36 lọ́nà 30, kẹ́ ẹ pín in sí 1,000. Nǹkan bíi lítà 58 ni, ó tiẹ̀ lè dín díẹ̀ bí omi ò bá dé ẹnu rọ́bà. Bí ẹ bá ti po ajílẹ̀ ti 80 síbẹ̀, ẹ bu díẹ̀ jáde lónìí, kẹ́ ẹ fi omi lásán dípò rẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la. Bí kò bá sì sí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi yín, ẹ má bu omi padà dé ibi tó wà nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín. Gbòǹgbò òkè ti ń mí ní àyè tó ṣófo láàárín omi àti ìdérí, bí omi bá bò ó, á kú.

Gbòǹgbò náà ń gba àyè díẹ̀ nínú omi, nítorí náà bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a lójú, ẹ ò ní láti hú ohunkóhun. Ẹ wọn bí omi ṣe ga, ẹ bu lítà 10 jáde sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tún un wọ̀n. Ó yẹ kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 rẹlẹ̀, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan ń gbé lítà 2 lápá òkè yẹn. Téèpù télọ̀ náà lè ṣe é. Ẹ ṣe é lálẹ́ yìí, kẹ́ ẹ wá sọ iye tó fi rẹlẹ̀ fún mi.