Mo Fẹ́ Fi Ọ́fíìsì Sílẹ̀ Lọ Ṣiṣẹ́ Igi

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìlewó, l'Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n igi àti ewéko ni ọkàn mi ń fà sí. Ìyá mi ní òun ò rán mi níléèwé kí n wá di ọlọ́kọ́. Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n padà síléèwé? — Ọmọ Ìbarà

Ọmọ mi, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Sọ fún màmá ẹ pé owó oṣù ṣì ń wọlé; mo fura pé ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù ju ọkọ́ lọ.

Ní Sátidé, lọ bá àwọn tó ń ta ọmọ igi lẹ́bàá títì, kí o bá wọn rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú. Wọ́n lè má san nǹkan kan fún ọ. Ìgbà ọyẹ́ ni mo fẹ́ kí o fojú rí, tó jẹ́ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bomi rin ín. Èso igi tíìkì, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, síbẹ̀ kò ní hù lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ìrókò ló burú jù. Kòkòrò kan wà tó ń kó sí ewé ọmọ rẹ̀, ewé á wú kókókó, orí ẹ̀ á sì rà. Mo ti gbin igi títí irun mi fi funfun, ó ṣì ń bí mi nínú.

Bí òjò bá dé tó ṣì wù ọ́, ìgbà yẹn ni ká sọ ti iléèwé. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà l'Abẹ́òkúta, ń kọ́ni nípa igbó àti ẹranko igbó, ọdún márùn-ún ni. Federal College of Forestry tó wà ní Jẹ́ríkò, n'Íbàdàn, ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí dípúlómà tí wọ́n ń pè ní ND lọ́dún méjì. Èmi ì bá mú ti Ìbàdàn.

Má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ìṣirò tí o mọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ọmọ igi ni kò mọ iye tí ọ̀rá kan ná wọn: iyẹ̀pẹ̀, ìgbẹ́ màlúù, omi, owó lébìrà, àti èyí tó kú. Iye tí aládùúgbò bá pè ni àwọn náà ń pè. Béèrè bóyá wọn á jẹ́ kí o máa bá wọn kọ ìwé owó.